Orúnkún Mẹ́rin Lórí Ilẹ̀ Iyọ̀

Ohun tí ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ kọ́ mi nínú ilé rẹ̀ ní Ayégbajú ni ìkúnlẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìlú Òsì ní Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, ìyá tó bí mi sì ti fa etí mi tó lórí ọ̀rọ̀ ìkíni kí n tó mọ A, B, D. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó wa, mo tẹ orúnkún kan díẹ̀, bí àwa ọmọ ìsinsìnyí ti máa ń ṣe, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Màmá wò mí láti orí àga rẹ̀. Ó ní, "Orúnkún kan ti kí mi. Èkejì ńkọ́? Àbí kò tíì jí ni?"

Mo fi méjèèjì kanlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi méjèèjì kanlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pálọ̀ Màmá, láàárọ̀ àti lálẹ́, nígbàkigbà tí a bá wà nílé. Mo ti di olùkọ́ ní yunifásítì, ní ọgbà tó wà ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ń pè mí ní Dókítà, wọ́n ń bá mi gbé báàgì. Kí n tó dé Ayégbajú báyìí, Dókítà ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ìyàwó ló máa ń wọlé. "Ìyàwó" náà ni Màmá ń pè mí. Kò pè mí lórúkọ rí, kò sì pè mí lọ́mọ rẹ̀ rí. Mi ò ní parọ́, ó máa ń bí mi nínú, pàápàá bí mo bá wọ síkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n sọ obìnrin náà di ẹni burúkú. Tíṣà jọ́gíráfì ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mọ̀ ọ́n kọ́. Ó kọ́ni ní Ìtapàjí, ó kọ́ni ní Ayégbajú, ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà sójú pátákó láìwo ìwé. Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ tó já láti inú kàlẹ́ńdà àtijọ́, ó wà láàárín fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ àti àwòrán Jésù Olùṣọ́-àgùntàn. Ilẹ̀ kan ló wà nínú àwòrán náà, ó pọ́n bí ìyeyè, adágún omi kékeré aláwọ̀ ewé wà káàkiri orí rẹ̀. Ìkángun ilẹ̀ Etiópíà ló wà, nínú aṣálẹ̀ iyọ̀ tí àwọn ẹ̀yà Áfárì ń gbé. Òkè ayọnáyèéfín wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdọọdún ni Màmá máa ń sọ fún kíláàsì rẹ̀ pé, "Ibì kan wà tí ilẹ̀ ti ń hó bí ọbẹ̀."

Àwọn ọmọ tó mọ ebè iṣu àti igbó àti odò tí wọ́n sé ní Ìtapàjí, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbà pé ilẹ̀ ń hó? Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?" Màmá ní rárá. Ọmọ náà ní, "Háà, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ ni." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti di alàgbà ìjọ báyìí, ó ti hewú, ó ti ní ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á ṣí fìlà, á ní, "Tíṣà wa, ṣé ilẹ̀ yẹn ṣì ń hó?" Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Màmá náà á rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo mọ̀ pé ẹ̀rín náà kì í dénú. Nígbà kan tí a jọ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kò wojú mi, ó kàn sọ ọ́ jáde: "Ìyàwó, láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ohun tí mi ò rí. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ilẹ̀ yẹn kí n tó kú." Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé igbá sún mọ́ òun.

Orúnkún ló kù tó fẹ́ dí i lọ́wọ́. Dókítà ilé ìwòsàn ní Ìdó ti wo méjèèjì nínú fọ́tò egungun, ó ní egungun ti ń ha egungun níbẹ̀, pé iṣẹ́ abẹ ló kàn, kí Màmá má gun òkè, kó má gun àtẹ̀gùn pàápàá. Nígbà tí wọ́n wá pè mí sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní Ádísì Ábábà, olú ìlú Etiópíà, inú ilé ìdáná ni mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo rọra sọ ọ́. Orúnkún ló ń dun Màmá, kò sí ohun tó ń ṣe etí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, àpótí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ gbé ìpàdé sórí fóònù. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ mi ní, "Màmá, orúnkún yín ńkọ́?" Màmá ní, "Orúnkún ni yóò gbé mi dé ibẹ̀, ojú ni yóò wò ó. Bí orúnkún bá kọ̀, ìyàwó wà níbẹ̀." Kò sí ẹni tó bi ìyàwó léèrè.

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Mo ṣe ìpàdé mi tán, a wọ bàálù kékeré kan, a bọ́ sínú jíìpù, ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. A sọ̀kalẹ̀ títí etí mi fi dí. Ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn wá jẹ́ ọmọ Áfárì, ọkùnrin gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ sálúbàtà rọ́bà, tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì níwọ̀nba. Ṣọ́jà kan wà pẹ̀lú wa, òun kì í sọ̀rọ̀. Mo rò pé mo mọ ooru, mo ti kọ́ ọmọ nínú kíláàsì onípáànù nínú oṣù kẹta ní Ìkọ̀lé. Irọ́ ni. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn jíìpù, atẹ́gùn tó kọlù mí dà bí èyí tó máa ń jáde bí wọ́n bá ṣí ẹnu ààrò búrẹ́dì.

Màmá kò ráhùn. Ó jókòó níwájú pẹ̀lú agbòjò rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, ó ń darúkọ ohun gbogbo bí a ṣe ń kọjá lára wọn. "Òkúta iná nìyẹn, wo bó ṣe dúdú. Ìyàwó, ìsàlẹ̀ la wà báyìí o, òkun ga jù wá lọ." Mo mọ̀ ọ́n, mo kà á nínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá sọ ọ́, mo bojú wòkè bí ẹni tó ń retí omi.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ di funfun. Iyọ̀ ni, níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, títí dé ibi tí ojú mi kò lè dé mọ́. Ó dán bí àwo, àmọ́ ó ní ìlà-ìlà lára. Màmá ní kí wọ́n dúró. Ó fi agbòjò tilẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi sẹ́nu. Ó yíjú sí mi. "Uyọ̀ ni," ó ní. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti fò sókè báyìí ni Yorùbá tíṣà máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, tí Èkìtì ń jáde. "Uyọ̀ gidi!"

Àwọn ọkùnrin kan wà nínú oòrùn náà tí wọ́n ń fi àáké gé iyọ̀ kúrò lára ilẹ̀. Àwọn kan ń fi igi hú u sókè, àwọn mìíràn lóṣòó, wọ́n ń gbẹ́ ẹ kó lè rí gbọọrọ, kí wọ́n tó dì í sẹ́yìn ràkúnmí. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti rí àwọn tó ń kọ ebè. Nílé wa, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i, ìyẹn á dà bí èpè. Màmá gbé ohùn sókè, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o!" Wọ́n gbójú sókè. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbọ́wọ́ sókè, ó sọ nǹkan tó gùn díẹ̀ padà. Màmá ní, "Àṣẹ, ọmọ mi." Mi ò mọ ohun tó ṣe àṣẹ sí, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ràkúnmí tò kọjá. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Àìrìnjìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. A ti rí abuké o, ìyàwó."

Ìta gbangba la sùn sí, lórí ibùsùn onígi tí wọ́n fi okùn hun. Kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, Màmá ti rẹ gààrì. Ó fún ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn wá lára rẹ̀. Ọkùnrin náà tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó sì mu ún tán. Màmá ní kò burú, ṣùgbọ́n pé bó bá jẹ́ uyán ni, ọkùnrin náà á ti sọkún. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi róòbù pa á lórúnkún. Mo ti ń pa á tipẹ́, àmọ́ mi ò wò ó dáadáa rí. Awọ ibẹ̀ dúdú, ó sì le bí ìdí ìkòkò. Mo ní, "Màmá, kí ló ṣe ibí?"

"Ta lo rò pé ó kọ́ èmi náà ní ìkúnlẹ̀?" ó ní. "Ilé ìyá ọkọ tèmi kò ní sìmẹ́ńtì. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, ìyá náà sì máa ń gbàgbé pé èèyàn ṣì wà nílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé òun náà rẹ́rìn-ín. Mo pa róòbù náà lẹ́ẹ̀kejì.

Lówùúrọ̀, kí oòrùn tó mú, wọ́n gbé wa dé ẹsẹ̀ òkè náà. Kò ga. Ọmọ Ìkọ̀lé tó mọ àpáta kò ní pè é lókè. Iyọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ ni òde rẹ̀, ó rí págunpàgun, ohun tí a wá wò sì wà lókè orí rẹ̀, a kò tíì lè rí i. Òórùn rẹ̀ nìkan ló wá pàdé wa, òórùn imí ọjọ́. Ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn wá ka òfin fún wa: kí a tẹ ibi tí òun bá tẹ̀, nítorí pé èèpo ilẹ̀ fẹ́lẹ́ níbòmíràn, omi gbígbóná tó kan bí ásíìdì sì wà lábẹ́, kí a má jókòó sílẹ̀, kí a má fọwọ́ kan omi. Màmá ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin náà bí mo ti lè ṣe é mọ.

Kò sọ pé kí a má kúnlẹ̀. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Nínú gbogbo àlejò tó ti mú gun ibẹ̀, ó dá mi lójú pé kò sí obìnrin Èkìtì kankan.

A gùn ún díẹ̀. Màmá di apá mi mú, agbòjò wà lọ́wọ́ kejì. Ó gbé ẹsẹ̀, ó sinmi. Ó gbé ẹsẹ̀, ó sinmi. Mo ń gbọ́ ohùn egungun náà, bí mi ò bá tilẹ̀ fẹ́ gbọ́. A kò tíì dé àárín òkè tó fi dúró gan-an, ojú rẹ̀ ti fún. Ọkùnrin náà padà wá, ó wo ẹsẹ̀ Màmá, ó mi orí. Ó ní ó tó, pé kí Màmá padà sínú jíìpù kó dúró dè wá, pé òun á bá a ya fọ́tò tó dára.

Màmá gbọ́ gẹ̀ẹ́sì náà. Ó kàn ń wo òkè, ibi tí èéfín funfun ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i pé ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Láyé mi, mi ò rí ètè obìnrin náà kó gbọ̀n rí. Gbogbo ọ̀nà tí a ti rìn, fọ́tò ni ọkùnrin yìí tún fẹ́ fún un, bíi pé fọ́tò kò ti wà lára ògiri rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Àánú ṣe mí, inú sì bí mi, mo fẹ́ bẹ ọkùnrin náà, gẹ̀ẹ́sì kò sì tó mi bẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ṣe é: mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Tọ̀tún bọ́ sórí ibi tó le. Tòsì fọ́ ilẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó dún bí ẹyin, nǹkan gbígbóná sì gbà mí lórúnkún.

Ohùn tó kọ́kọ́ ta kì í ṣe tèmi. "Yéè! Ọmọ mi o!" Màmá ni. Ọkùnrin náà àti ṣọ́jà ti fà mí dìde, wọ́n ya ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè. Màmá ti ṣí ike omi rẹ̀, omi mímu kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dà á sí mi lórúnkún títí ó fi tán. Ó gba ti ọwọ́ mi, ó da ìyẹn náà. Ó tú gèlè orí rẹ̀. Obìnrin tí mi ò rí níta láìwé gèlè láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, orí rẹ̀ funfun gbòò nínú oòrùn, ó fi gèlè náà di orúnkún mi. Ó ń sọ ọ́ léraléra pé, "Ọmọ mi. Ọmọ mi. Ta ló ní kó o kúnlẹ̀?"

Ó ń ta mí gan-an, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó pè mí. Mi ò lè dá a lóhùn pé òun ni.

Ọgbẹ́ náà kò jinlẹ̀. Awọ ló bó, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé á bò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba ọkùnrin náà, ó ní ó parí, kí gbogbo wa padà. Màmá náà ti yíjú sí ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ilẹ̀ tó jó ọmọ mi, mi ò fẹ́ rí i mọ́." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, mo mọ̀. Ó ti gbé ohun tó ti ń fẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ jù sílẹ̀ nítorí orúnkún kan ṣoṣo, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni mo ti gbé ohùn sókè sí ìyá ọkọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ní, "Màmá, rárá o! Orúnkún mi kò ní jó lásán! Ẹ ó gun òkè yìí lónìí!" Ó ní, "Mo ní mi ò lọ." Mo ní, "Ẹ ó lọ." Ó ní ṣé èmi ni mò ń bá òun sọ̀rọ̀ báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, èmi ni, mà. Bí ìjà náà ti gbóná tó, "mà" kò kúrò lẹ́nu mi. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dúró, wọ́n ń wò wá. Ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn wá bi mí ní ohun tí a ń bára wa jà sí. Mo sọ fún un: pé tíṣà ni, pé ilẹ̀ yìí ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, pé wọ́n fi í ṣẹ̀sín pé kò débẹ̀, pé ó fẹ́ padà báyìí nítorí mi.

Ó wo Màmá pẹ̀lú orí funfun rẹ̀. Ó sọ nǹkan sí ṣọ́jà létí. Ṣọ́jà tí kì í sọ̀rọ̀ náà sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí jíìpù, ó sì padà pẹ̀lú omi àti àga oníke funfun kan, irú èyí tí wọ́n máa ń tò síta nílé wa bí wọ́n bá ń ṣe òkú. Ẹni tó ń fi ọ̀nà hàn wá ní ọ̀nà mìíràn wà, ó jìn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ga. Bí a ṣe lọ nìyẹn. Màmá á rìn díẹ̀, ṣọ́jà á fi ẹsẹ̀ dán ilẹ̀ wò, á gbé àga kalẹ̀, Màmá á jókòó. Èmi ń tiro lẹ́yìn. A kò yára. Oòrùn ti ń mú nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú, ọkùnrin náà sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a lè rí iwájú.

Mo ti gbìyànjú láti sọ ohun tí mo rí, mi ò tíì sọ ọ́ dáadáa rí. Àwòrán ara ògiri yẹn parọ́. Ó dín in kù. Àwọ̀ ìyeyè tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyeyè lọ, bí ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́. Adágún omi wà káàkiri, òmíràn kò ju ọpọ́n lọ, àwọ̀ ewé tí omi wọn ní kò sí lára ewé kankan tí mo mọ̀. Iyọ̀ ti ṣe pẹpẹ yí wọn ká, funfun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele lórí ìpele. Níbi tí omi ti gbẹ, ilẹ̀ ti pọ́n bí páànù ilé àtijọ́ tó dógùn-ún. Àwọn nǹkan kan hù jáde bí olú, wọ́n ní orí, wọ́n ní ẹsẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n. Gbogbo rẹ̀ sì ń dún. Mi ò retí pé yóò máa dún. Ó ń dún pòkòpòkò lábẹ́lẹ̀, ó ń mí, omi ń ta jáde lẹ́nu àwọn ihò kéékèèké, ó ń ṣe bí ẹ̀kọ tó fẹ́ jinná.

Èmi tí mò ń kọ́ni nípa ilẹ̀ tó ń so iṣu àti àgbàdo, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ilẹ̀ ni pé, kí lo lè so fún wa? Ilẹ̀ yìí kò so nǹkan kan. Kò sí koríko kan, kò sí eèrà kan. Kò sì bìkítà. Ó kàn ń dára lọ ni, ẹnikẹ́ni ìbáà wá, ẹnikẹ́ni ìbáà má wá. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan ààbọ̀, mo la ẹnu sílẹ̀. Inú mi dùn títí ọgbẹ́ mi fi dákẹ́.

Màmá jókòó lórí àga oníke rẹ̀ láàárín gbogbo rẹ̀. Omijé ń bọ́, kò nù ún. Lẹ́yìn náà ó ní, jẹ́jẹ́, "Ó ń hó." Ó tún sọ ọ́, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́. "Ilẹ̀ ń hó. Mo sọ fún wọn pé ó ń hó."

Ó wá gbé agbòjò sókè bí pàṣán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa. Ó ní òkun ló ti dé ibí nígbà ìwáṣẹ̀, pé oòrùn mu omi rẹ̀ tán, iyọ̀ ló kù. Ó ní iná wà nísàlẹ̀. Omi ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá iná, ó sì ń gòkè padà pẹ̀lú ẹrù, ó ń ru iyọ̀, ó ń ru imí ọjọ́, ó ń ru irin, ohun tó bá rù ló ń fún un láwọ̀. Mò ń túmọ̀. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀nà hàn wá dúró, ó kó ọwọ́ lẹ́yìn. Ṣọ́jà náà ti sún mọ́ tòsí, ìbọn rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Nígbà tí Màmá parí, ó bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ṣọ́jà nawọ́ sókè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iná náà lè tán. Màmá ní, "Ìbéèrè tó dára nìyẹn."

A padà délé. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ilé kún lẹ́yìn ìsìn, alàgbà náà sì wà lára wọn pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Màmá gbé fóònù mi lé e lọ́wọ́. Ó wo fọ́tò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún: Màmá lórí àga oníke, iyọ̀ àti ìyeyè àti àwọ̀ ewé yí i ká. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà wa, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ayé kọ̀ǹpútà la wà yìí. Ọmọ-ọmọ mi fi mí sórí òṣùpá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì dé fìlà yìí níbẹ̀."

Ẹ̀rín ta. Mo wo Màmá. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Ọmọ mi, wá." Àwọn ará ilé wojú ara wọn, nítorí pé wọn kò mọ ẹni tó ń pè. Mo dìde. Ó ní, "Fi orúnkún rẹ hàn án."

Mo ká ìró sókè. Àpá náà ṣì pupa, etí rẹ̀ rí wúruwùru. Alàgbà wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Ilẹ̀ tó ń hó ni, sà. Mo kúnlẹ̀ lé e lórí." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bọ́ fìlà. Ó kó agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì níwájú tíṣà rẹ̀, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ọmọdé ló ń ṣe mí." Màmá ní ó ti pẹ́ tí ọmọdé ti ń ṣe é, kó dìde, kó wá jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ pálọ̀ láti kí i bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo di ìró mú, mo ti ń tẹ̀ bọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbá mi lápá mú, ó dá mi dúró lágbede méjì.

"Nínú orúnkún mẹ́rin tó wà nínú ulé yìí," ó ní, "ọ̀kan ṣoṣo ló kù tó dára. Má fi í ṣòfò."

Ó gbé Bíbélì kúrò lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo jókòó.